Èsì Ìbéèrè Tí Ìyá Àǹtí Omi Bi Wá Lẹ́nu Ọ̀nà

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé, Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ilẹ̀ àti Omi

Sí ìyá wa aránṣọ, sí àbúrò olóògbé, àti sí gbogbo ẹbí

Ẹ̀yin ẹbí wa ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo àti ọwọ́ tó ti rẹ̀ ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú akẹgbẹ́ wa, ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n yín, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Omi. Ìgbà mẹ́ta la ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Èkíní kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá, a fà á ya. Èkejì kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ojú tì wá láti fi í ránṣẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí gùn ju bó ṣe yẹ kí lẹ́tà ìkẹ́dùn gùn lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì wá. Ohun tó fà á ni pé ẹ bi wá ní ìbéèrè kan, ìbéèrè náà kò sì ṣe é fi gbólóhùn kan dáhùn.

Lọ́jọ́ tí àwa mẹ́rin wá kí yín, a ti dìde, a ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ẹ̀yin ìyá wa gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Ẹ kò ránṣọ lọ́jọ́ náà o. Ẹ kàn gbé ọwọ́ lé e ni. Ẹ ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Ọdún méje ni. Ṣé ó parí ẹ̀, àbí kò parí ẹ̀?" Ẹnì kan nínú wa wo ẹnì kejì, ẹnì kejì wo bàtà rẹ̀. Èyí tó ga jù nínú wa, tí ẹ ti kìlọ̀ fún pé kó tẹ orí ba kó má baà fi gbá òkè ilẹ̀kùn, ló dáhùn pé, "A máa wádìí, Mà." A ronú kan ìdáhùn yẹn títí a fi délé, ojú sì ń tì wá. A ti wádìí báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ròyìn bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí apá kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀bi wa, a kò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ sọ fún wa pé bí ẹ bá bi í pé kí ló ń ṣe nílé ẹ̀kọ́, "Mò ń ṣọ́ omi" ni gbogbo ohun tó máa ń fi dá yín lóhùn. Òótọ́ ló sọ. Lára ògiri yàrá ìwádìí wa, níwájú fèrèsé, ọ̀pá gíláàsì méjìlá ló wà lóòró. Ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ inú agolo kan tó ki amọ̀ sí, amọ̀ láti inú kòtò méjìlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ènìyàn bá da omi sínú ọ̀pá, omi náà á máa gba inú amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Rúlà kan wà lára ògiri lẹ́yìn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wo ibi tí omi dé, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tó ń wá kò ṣòro láti sọ: amọ̀ wo ni ènìyàn lè fi tẹ́ ìsàlẹ̀ adágún tí omi rẹ̀ kò fi ní jò lọ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí? Ṣùgbọ́n omi inú ọ̀pá mìíràn kì í lọ sílẹ̀ ju sísanra hóró ìrẹsì kan lọ láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò ní sùúrù á búra pé kò lọ rárá. Òun ní sùúrù.

Ọdún kejì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, a kò ní máa ròyìn ilé yín fún yín. Ohun tí àwa rí ni pé ó padà wá lẹ́yìn oṣù méjì, ó mú kàlẹ́ńdà kan dání, ó sì fi bírò pupa fa ìlà sí gbogbo ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì títí ọdún fi parí. Ó ní àwọn yẹn jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ka èyí tó kù. Ó tún un kà. Ó wá sọ bí ẹni tó ń dúnàá dúrà pẹ̀lú ara rẹ̀ pé, "Mẹ́rin nínú méje. Ó ṣì ju ìdajì lọ." Wákàtí mẹ́rin ló ń lò nídìí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, bó bá sì kúrò níbẹ̀, á rí bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀ dànù.

Dókítà ní kò gbọdọ̀ mu ju ife omi mẹ́ta lọ lójúmọ́. Ẹni tó ń bu omi kún ọ̀pá méjìlá! Ó fa ìlà mẹ́ta sára ìgò kan, ó sì ń mu ún ní ìlà ìlà. Nígbà tí ooru bá mú, tí gbogbo wa ń gbé omi tútù mì gbùn-ùn níwájú rẹ̀ láìronú, á wo ògiri, á ní, "Àwọn méjìlá yìí ń mu jù mí lọ. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀kan dédé dínkù, ẹ má wo ojú mi o, èmi kọ́." Ibẹ̀ ni orúkọ Àǹtí Omi ti wá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú. Kò lè dúró níwájú ọ̀pá méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́, àgbàlagbà tó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí fún wa, rí i níjọ́ kan tó fara ti tábìlì, ó lọ gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ẹnu géètì. Ó ní, "Gbà, ìyá mi. Èmi lè jókòó lórí búlọ́ọ̀kù." Láti ọjọ́ náà la ti ń gbọ́ ìró àpótí yẹn ní agogo méje àárọ̀: á wọ́ ọ, á jókòó, á dákẹ́, á kọ̀wé, á tún wọ́ ọ. Ìgbà méjìlá. Ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lè fi etí ka ọ̀pá tó kù.

Ohun kan tún wà nínú ìwé rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo òǹkà, ó máa ń kọ nọ́ńbà kékeré kan, láti òdo dé márùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ rí i, ó bi í pé kí nìyẹn.

"Àárẹ̀ mi ni, sà."

"Ta ló ní kí o máa wọn àárẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n wọ̀n ọ́n, sà. Ṣùgbọ́n ojú tó rẹ̀ lè ṣi omi kà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìwé yìí mọ irú ojú tí mo fi wò ó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí, ó fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn. Òun ló fẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ náà jẹ́, òun náà ló sì gbà á là.

Ẹgbẹ́ wa pinnu láti ràn án lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bá wà nídìí ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú wa á ka omi, á kọ òǹkà àti orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé Àǹtí, á sì bu omi tuntun kún ọ̀pá tó bá ti lọ sílẹ̀ jù. A lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri, ẹni tó kàn lónìí, ẹni tó kàn lọ́la. A kò ní parọ́ fún yín, inú wa dùn sí ara wa. A sọ ọ́ nínú ìpàdé ọdọọdún, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa.

Ní ọdún kẹrin ló kó gbogbo òǹkà jọ tó sì yà á sórí ìwé onílà. Ohun tó rí kò ṣe é gbà gbọ́. Bí àlọ́ àpamọ̀ ló rí: kí ló ń já wálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, tó ń gòkè padà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò sì ní àkàbà? Omi ni. Nínú gbogbo ọ̀pá méjèèjìlá, ní gbogbo ọ̀sẹ̀, omi tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn ń gun òkè padà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé omi kì í gun òkè láìjẹ́ pé ẹnì kan rù ú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pe ìpàdé. A jókòó yí tábìlì ká, a sì wá ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Kò pẹ́ tí ojú gbogbo wa fi lọ sórí nọ́ńbà kékeré yẹn. Àárọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ ẹ̀rọ, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́rin, márùn-ún. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ṣi omi kà. Ọ̀rọ̀ parí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ẹ̀rí tí a fi dá a lẹ́bi, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó da gbogbo òǹkà ọjọ́ àárẹ̀ nù. Bó bá dà wọ́n nù, èyí tó kù kò tó ìwé kọ. Bí kò bá sì dà wọ́n nù, omi rẹ̀ ń gun òkè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó gba ìsinmi ọdún kan, kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí ilé ẹ̀kọ́ fún un kò sì gba àtúnbẹ̀rẹ̀.

A kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé wa lọ́jọ́ náà pé "àìsàn rẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ rẹ̀." Gbólóhùn yẹn ṣì wà níbẹ̀. A kò pa á rẹ́. A ti kọ àtúnṣe sí abẹ́ rẹ̀, a ó fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpò ìwé yìí.

Nígbà tí ìpàdé tú, ọ̀kan nínú wa sọ fún un pé, "Àǹtí, ẹ lọ sinmi. Ìwé kì í sá." Ó ń kó bírò rẹ̀ sínú báàgì. Ó ní, "Ìwé kì í sá lóòótọ́. Èmi ni mi ò mọ iye àkókò tí mo ní láti fi dúró dè é." Kò bínú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó ní ìdajì àtẹ̀gùn, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò rẹ̀ ló sọ apá kan rẹ̀ fún wa. Ọjọ́rú ni, ó wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ti de ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ìyá wa di ìwé rẹ̀ mú níwájú rẹ̀ kó lè fi ọwọ́ òsì ṣí i. Gbogbo ènìyàn ń wo nọ́ńbà àárẹ̀, òun náà ti ń wò ó, ó sì ti fẹ́ẹ̀ gbà pé òun ni. Ṣùgbọ́n ohun kan kò jẹ́ kó gbà. Àwọn ọjọ́ Sátidé kan wà tí ara rẹ̀ le, tó kọ òdo. Àwọn kan wà tí ó kọ márùn-ún. Kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Bó rẹ̀ ẹ́, bí kò rẹ̀ ẹ́, òǹkà tirẹ̀ ń tò lọ lórí ìlà kan náà bí èèrà. Ìgbà tí òǹkà ẹlòmíràn bá bọ́ sáàárín nìkan ni omi ń fò. Nígbà náà ni kò wo nọ́ńbà mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúkọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màámi, ẹ bá mi mú téèpù ìwọnṣọ yín wá lọ́la." Ẹ sì dá a lóhùn pé, "Kí lo fẹ́ rán, ìwọ tí o ò lè ki okùn bọ abẹ́rẹ́?"

Ní Ọjọ́bọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí pẹ̀lú téèpù yín lọ́rùn rẹ̀ bíi aránṣọ gidi. Ẹni tó bá wọlé, á ní kó bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn. Á fi pẹ́ńsù fa ìlà sókè orí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa tó ga jù lọ, tí a ń pè ní Àgùnfọn, ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ fún wa ni?"

"Tìẹ á jẹ aṣọ ìyá mi tán. Dúró dáadáa, má gun ìka ẹsẹ̀."

Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wa náà dúró. Kékeré là ń pè é. Ó ní, "Ẹ fi tèmi kún un díẹ̀, Àǹtí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Kò fi nǹkan kan kún un.

Ó mú Àgùnfọn lọ síwájú ọ̀pá kẹrin, ó ní kó kà á. Àgùnfọn dúró, ó wolẹ̀ láti òkè bó ti ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá kàn án. Ó ní, "Mẹ́tàdínlógún ààbọ̀." Àǹtí ti àpótí sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní kó jókòó, kó tún un kà. Àgùnfọn jókòó. Ó ní, "Méjìdínlógún. Ó dín díẹ̀." Ó dìde, ó kà á. Ó jókòó, ó kà á. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta bí ọmọ tí olùkọ́ ń jẹ níyà. Omi náà kò kúrò lójú kan.

Báyìí ni àlọ́ náà ṣe já. Rúlà wà lára ògiri, ó fi nǹkan bí ìbú ìka kan jìnnà sí ọ̀pá. Omi inú ọ̀pá kò sì ga ju ojú ẹni tó jókòó lọ. Ẹni tó bá dúró tó ń wò ó láti òkè, ojú rẹ̀ á gba orí omi kọjá, á sì balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lára rúlà. Á kà á kéré sí bó ṣe jẹ́. Bí ènìyàn bá ṣe ga tó ni omi rẹ̀ ṣe ń kéré tó. Ọjọ́ Àgùnfọn ni omi ń já jù, ọjọ́ Kékeré ni kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni ojú rẹ̀ ń ṣe déédéé pẹ̀lú omi láràárọ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé ara rẹ̀ kò gbà á láyè láti dúró.

Wọ́n kọ́ wa ní ọdún àkọ́kọ́ pé ká máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa bá omi dọ́gba. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. A ní ìdánwò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni, a fẹ́ lọ sílé, ara wa sì dá. Kò sẹ́ni tó fura sí ojú ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Kò bú wa. Ó wò wá yíká bí a ṣe dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò, ó ní, "Ẹ má bínú sí ara yín. Ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ kàn ga ni." Kékeré ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ tí kíkúrú máa gbè mí nìyí," gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ní ìtìjú nínú. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n dé, òun náà jókòó lórí àpótí yẹn, ó ka gbogbo méjèèjìlá. Ó ní, "Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlélógún." Lẹ́yìn náà ló ní kí nọ́ńbà àárẹ̀ máa wà nínú ìwé, torí pé òun ló jẹ́ ká rí i pé àárẹ̀ kò jẹ̀bi.

A ò ní sọ fún yín pé láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti rọrùn. Kò rọrùn. Òǹkà tí àwa kọ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Kò lè dà wọ́n nù, torí ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn la máa ń bu omi kún ọ̀pá. Ó ní láti tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wo ẹni tó kà á, kó wo bó ṣe ga tó, kó wo ibi tí omi wà, kó ṣírò rẹ̀. Ọdún méjì ló gbà á, ọ̀pọ̀ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ẹ̀yin sì ń di ìwé mú. A ní a ó bá a pín in ṣe. Ó gbà ká ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. A kò dá a lẹ́bi.

Láàárín àkókò yẹn kan náà, ó tún ṣe nǹkan mìíràn tí gbogbo ẹ̀ka wa ń jẹ àǹfààní rẹ̀ dòní. Àjà mẹ́rin ni ilé ẹ̀ka wa ní, ẹ̀rọ agbénirókè rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí èsì. Kò kọ ìkẹrin. Òun àti Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kó àga tó ti kán jọ láti ẹ̀yìn ilé, Bàbá kan ìṣó mọ́ wọn, wọ́n sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tí àtẹ̀gùn ti ń yà. A kọ́kọ́ rò pé tirẹ̀ nìkan ni. Nígbà tó fi di oṣù kejì, àwọn tí nǹkan kan kò ṣe náà ti ń jókòó síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan jẹ́wọ́ pé láti ọdún mẹ́sàn-án ni orúnkún ti ń dun òun, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n dá ọjọ́ tó máa wá jókòó níwájú àwọn olùyẹ̀wò méjì láti dáhùn ìbéèrè wọn. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kó pé ni ó fi wá sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni. Kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀rọ. Nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀, ọ̀kan nínú ọjọ́ tó kà sí tirẹ̀ ni.

Ó tó báyìí ká dáhùn ìbéèrè yín.

Òfin ilé ẹ̀kọ́ sọ pé ẹni tí kò bá yọjú síwájú olùyẹ̀wò kò lè gba oyè. Ìdí nìyí tí àwa kò fi lè la ẹnu lẹ́nu ọ̀nà yín lọ́jọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ oyè, a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ìjókòó náà wáyé ní ọjọ́ rẹ̀ gan-an, kí ìwé rẹ̀ máa dáhùn fún un. Wọ́n gbà. Àwọn olùyẹ̀wò dé, wọ́n béèrè, a ń ṣí ìwé, a ń fi ìdáhùn hàn wọ́n ní ojú ewé tó wà. Èyí tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn nínú wọn ní òun fẹ́ rí ògiri náà fúnra òun. A mú un lọ. Ó wo ìlà pẹ́ńsù tó wà lára férémù ilẹ̀kùn. Ó lọ síwájú ọ̀pá keje, ó dúró, ó na ọrùn láti kà á.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó, sà. Níbí, a máa ń jókòó ni."

Olùyẹ̀wò wẹ̀yìn wò ó. Ó jókòó sórí àpótí. Ó ka ọ̀pá keje, ó wo ìwé, ó wọ́ àpótí lọ sí ìkẹjọ. Ó ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó dìde, kò sì tún béèrè ohunkóhun mọ́ nípa omi tó ń gun òkè. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ọ̀mọ̀wé ni ọmọ yín.

Ó ku ojú ewé kan. Ibi tó yẹ kó kọ ìdúpẹ́ sí, àkọlé nìkan ló kọ, abẹ́ rẹ̀ ṣófo. A rò pé ó fi í sílẹ̀ títí di ẹ̀yìn ìdánwò. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ bá wa wá inú àwọn ìwé òǹkà, ó sì rí i ní ẹ̀yìn èyí tó gbẹ̀yìn, pẹ̀lú pẹ́ńsù, ní ọwọ́ òsì tó ti di ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀: "Màámi di ìwé mú, mo sì kọ ọ́." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe, ó kọ nọ́ńbà kékeré: márùn-ún. A ti tẹ̀ ẹ́ sójú ewé náà bó ṣe wà. A kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. A fi nọ́ńbà náà sí i.

Nítorí náà, ìyá wa, èsì ìbéèrè yín nìyí: ó parí ẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ títí dé ìlà tó kẹ́yìn, ó sì parí ẹ̀.

Ẹgbẹ́ yìí ṣèlérí pé àwọn ọ̀pá méjèèjìlá kò ní dá dúró títí omi inú wọn yóò fi sọ gbogbo ohun tó ní í sọ, àti pé kò sẹ́ni tó máa kà wọ́n ní ìdúró mọ́. A ti kọ ọ́ sára ògiri. Ní ọjọ́ ìfinijoyè, Àgùnfọn àti Kékeré ló máa wá mú yín láti ilé. Ẹ̀yin àti àbúrò rẹ̀ lẹ máa gba ìwé ẹ̀rí náà, àga yóò sì wà fún yín ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn bá ti yà. A ó mú ìwé rẹ̀ tí wọ́n ti dì wá fún yín, pẹ̀lú téèpù yín, tó ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní Sátidé méjì méjì nínú oṣù, ẹnì kan nínú wa á máa yà sọ́dọ̀ yín. Bí ẹ kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹni náà á jókòó.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti wá kí yín ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ti sọ fún yín pé àìsàn náà ti pẹ́, pé ó ti sinmi, pé ẹ kò lè sọ pé ẹ kò fura. Ẹ má bínú sí wọn. Ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ti kà á, ẹni tó bá sì dúró lókè á kà á kéré sí bó ṣe jẹ́.

Kí Ọlọ́run, tó mọ ìwọ̀n omijé yín láìlo rúlà, wọlé wá bá yín. Kí Ó fa àpótí súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín, kí Ó jókòó tì yín, kí Ó sì bá yín di ohun tó wúwo yìí mú títí ọwọ́ yín yóò fi sinmi. Àmín.

Àwa ni tiyín nínú ẹ̀dùn,

Akọ̀wé, fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́